Ta Ni 'Wọ́n'?

"Ta ni 'wọ́n'?" ni Etí bèèrè.

Màámi jókòó lórí àga kékeré iwájú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Etí, wọ́n gbé àpò wọn lé itan, wọ́n ń wo iná orí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé tó di funfun. Ní ìlú Sẹferogírádì, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, iná àwọ̀ ewé ni òótọ́, iná pupa ni irọ́. Iná funfun ni pé Etí gbọ́ ohun tí kò yé e, ohun tí kò bá sì yé Etí lọ́jọ́ ìbò, inú Yàrá Kẹrin ni wọ́n ti ń lọ yanjú rẹ̀.

Àyà mi já. Ká má purọ́, kì í ṣe pé ó já nìkan, mi ò mọ ibi tó já sí mọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí," ni Etí tún wí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó gan bí igi ìdáná, "o sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa olórí ìlú tí o fẹ́. Nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o pe ẹni náà ní 'wọ́n'. 'Wọ́n' ju ẹnì kan lọ. Ènìyàn mélòó ni?"

Màámi yíjú sí mi. "Ìyádùnní, ta ló ń bá wí? Ṣé èmi ló ń pè ní 'ìwọ'?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná."

"Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lánàá! Ilé ta ló ti gba ẹ̀kọ́?"

Mo fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu wọn, àmọ́ àpótí dígí tí mo wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú àpótí yẹn ni Ẹlẹ́rìí Ahọ́n máa ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an, kó lè rí ẹnu ẹni tó ń dìbò. Èmi ni Ẹlẹ́rìí Ahọ́n fún èdè Yorùbá ní ibùdó ìbò yìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ti gbé àwọn àga rẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn wà fún Tátà, fún Úsíbẹ́kì, fún Améníà, olúkúlùkù nínú dígí tirẹ̀. Òfin tuntun ni. Ó ní kí kálukú máa dìbò ní èdè tó kọ́kọ́ fi sunkún, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fi èdè yẹn purọ́ kó rí i pa mọ́. Ẹni tó ṣe òfin yẹn, ó dájú pé kò bá ọmọ Yorùbá gbé rí.

Ìbò ìkọ̀kọ̀ sì ni o. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Torí pé ìkọ̀kọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́. Wàá kàn sọ ohun mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́ nípa ẹni náà, Etí á sì fúnra rẹ̀ mọ ẹni tí o ní lọ́kàn. Tí ó bá jẹ́ Rúdákófù, olórí ìlú tó wà lórí oyè láti ọdún mẹ́rìnlá, ìbò rẹ wọlé. Tí ó bá jẹ́ ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń du ipò náà, wọ́n á ní ahọ́n rẹ ń ṣàìsàn, kí o wá gba ìtọ́jú.

Igba ó lé méjìlá ni gbogbo wa tí orúkọ wa wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ní ìlú náà. Bàbá mi wá kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, màámi tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n bí mi síbẹ̀. A kéré débi pé ìwé atúmọ̀ èdè kan tó ti gbó, àti ohùn rédíò ìgbà àtijọ́ díẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ Etí ní èdè wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò mi. Tí Etí bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tán, màá gbé ọwọ́ òsì lé dígí pé ó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni pé kò gbà á, kí n wá ṣàlàyé. Ní gbogbo òwúrọ̀, ọwọ́ òsì nìkan ni mo ti ń gbé.

"Ẹlẹ́rìí," ni Etí wí. "Ìtumọ̀ mi nìyí: obìnrin yìí fẹ́ kí àwọn ènìyàn kan tí kò dárúkọ wọn máa ṣe olórí ìlú. Ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni o ní."

Àwọn àmì kéékèèké tó ń ka àkókò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan lórí dígí mi.

Arikádì, ọ̀gá ibùdó, sáré wá. Èèyàn ńlá ni, èérún píróṣókì, àkàrà òyìnbó oníkábéèjì, ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, nítorí pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọn kì í dìbò níbẹ̀ láìta píróṣókì lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè pe orúkọ mi. 'Íyà' ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyà ń jẹ mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí a ń gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ níwájú Etí, mo dìde lọ́jọ́ kan pé mo fẹ́ lọ ṣe gáá, mo sì sọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ nílé pé, "Mo ń bọ̀." Iná pupa tàn. Etí ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ mi ń lọ ni, kò bọ̀. Arikádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ lọ mu tíì, á ní, "Íyà, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí ò ń lọ?"

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìbò yìí. Ó tẹ ẹnu mọ́ ihò dígí náà, ó sì sọ ní èdè Rọ́ṣíà, wúyẹ́wúyẹ́:

"Ìyá ẹ ni àbí?"

"Ìyá mi ni."

"Gbé ọwọ́ òsì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Wọn kì í lu èèyàn níbẹ̀. Ìyá ẹ á padà wá, ara wọn á yá gágá. Tí o bá gbé ọ̀tún, tí Etí sì rí irọ́ lẹ́nu ẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó wọlé. Má ṣe ara ẹ báyìí, jọ̀ọ́."

Òótọ́ ló sọ, wọn kì í lu èèyàn. Wọn ò lu Bàbá Fátókun, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ní ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò, tí kò tíì sí ẹlẹ́rìí kankan, Etí bi Bàbá Fátókun léèrè ohun tí wọ́n rò nípa olórí ìlú. Bàbá tó jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni oúnjẹ wọn ní, "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ." Iná funfun. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá padà sílé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tutù yọ̀yọ̀, àpá kékeré kan wà lẹ́yìn etí wọn. Màámi pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Fátókun, Ọlọ́run ló kó yín yọ." Bàbá ń wo ẹnu màámi bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà kí màámi, tẹ̀rín tẹ̀rín, wọ́n sì kọjá lọ. Kò ku ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lórí wọn. Orúkọ ara wọn gan-an, àṣìpè ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fátókun ní èdè Rọ́ṣíà tí wọ́n lè máa fi gbé ayé. Ogójì ọdún ni wọ́n fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbọ́, ọ̀rọ̀ tí màámi gbọ́ nínú èdè yẹn kò ju ogún lọ: búrẹ́dì, ẹ ṣé, ó gbóná, ó tutù, èló ni, kò sí. Bí wọ́n bá yọ Yorùbá kúrò lórí màámi, kí ló máa kù? Wọ́n á máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa wò mí, mi ò ní mọ̀ bí ebi ń pa wọ́n tàbí ibì kan ń dùn wọ́n. Àwọn náà ò ní mọ̀ ọ́n sọ fún ara wọn.

Ohun tí mo ń rò nìyẹn bí àwọn àmì yẹn ti ń pòórá. Mo sì tún ń ro nǹkan mìíràn, ojú ń tì mí láti sọ ọ́: mò ń rò ó pé ọwọ́ òsì mi súnmọ́ dígí ju ọ̀tún lọ.

Nítorí pé mo mọ ẹni tí 'wọ́n' jẹ́. Ìdí ẹ̀rù mi gan-an nìyẹn. Ká ní mi ò mọ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta tí màámi sọ. Wọ́n ní, "Wọn kì í pariwo. Wọn ò jẹ́ kí òtútù pa wá lọ́dún tí páìpù bẹ́. Wọ́n mọ orúkọ mi pè."

Ẹnì kan ṣoṣo ni nínú gbogbo ará Rọ́ṣíà tó mọ orúkọ màámi pè. Ṣẹ́gilọlá kì í ṣe orúkọ tó rọrùn lẹ́nu wọn. Màmá Níínà Páfílófínà tí wọ́n ń gbé ní àjà kejì ilé wa nìkan ló jókòó ti màámi ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tẹ̀léra, tí wọ́n ń kọ́ ọ bí ọmọ iléèwé títí tí 'Ṣẹ́' fi wọlé síbi tó yẹ kó wọlé sí. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ilé iná tó ń mú omi gbóná lọ sí gbogbo ilé àdúgbò wa. Lọ́dún tí páìpù ńlá bẹ́, tí òtútù pa àwọn ará àdúgbò kejì mọ́ orí ibùsùn, ọjọ́ mọ́kànlá ni Màmá Níínà fi sùn sídìí iná yẹn. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀ẹ́dú ti bo ojú wọn débi pé màámi sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ sílé, ẹ ti di tiwa."

Lẹ́yìn náà ni Rúdákófù ri páìpù tuntun. Páìpù náà dára, ilé ń móoru, àmọ́ bó ti ń gbé ooru wọlé ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Etí wà nínú rẹ̀.

Òfin ìlú sì sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ du ipò olórí ìlú lóun nìkan. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà ìbò, wọ́n máa ń ṣẹ́ gègé láti mú arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, kí Rúdákófù lè rí ẹni fìdí rẹ̀ janlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gègé mú Màmá Níínà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi àwọn ẹnìkejì: "Kí lẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá wọlé?" Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wàá ní, "Màá kí ẹni tó borí kú oríire," wọ́n á pàtẹ́wọ́, wàá gba ẹ̀bùn tíì kan, ó parí.

Màmá Níínà wo ẹni tó bi wọ́n. Wọ́n ní, "Màá yọ etí tó wà nínú páìpù."

Tẹlifíṣọ̀n yí padà sí ìpolówó núdùùsù. Láti ọjọ́ yẹn, a ò rí wọn mọ́. Bàtà òjò dídì wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, méjèèjì kọjú sí ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń tò ó. Kò sí ẹni tó jẹ́ gbé e.

"Íyà," ni Arikádì wí. Ó ku àmì mẹ́rin.

Mo wo màámi. Inú ń bí wọn nítorí 'ìwọ' tí ẹ̀rọ pè wọ́n, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ewu wà. Àbí wọ́n mọ̀? Wọ́n ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n di àpò wọn mú pinpin.

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé dígí.

Arikádì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé tún sọ.

"Ṣàlàyé," ni Etí wí. Iná orí àpótí tèmi tàn, ó dúró ní funfun, ó ń retí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi iná gbọ́ tèmi lẹ́yìn ìbò tí èmi fúnra mi dì láago méje àárọ̀, nítorí pé àwa òṣìṣẹ́ la máa ń kọ́kọ́ dìbò.

"Ẹnì kan ni," mo ní. Ohùn mi gbọ̀n. "Ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá mi ń sọ. Nínú èdè wa, tí a bá bọ̀wọ̀ fún èèyàn, a kì í pè é ní 'ó'. 'Wọ́n' là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló dá dúró."

Iná àwọ̀ ewé.

Arikádì ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mi lójú ẹ̀rọ, ó mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó ní, "Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, 'ẹ̀yin' ni mò ń pè é."

"Lójú rẹ̀ nìyẹn," ni mo dá a lóhùn. "Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ ó máa pè é ní 'ó'. Tiwa, ẹ̀yìn ẹni gan-an ni ọ̀wọ̀ wà."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Etí wí. "'Wọ́n' lè jẹ́ ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹlẹ́rìí, ṣé olórí ìlú ni ẹni tí ìyá rẹ ń sọ?"

Tí mo bá ní 'bẹ́ẹ̀ ni', tí Rúdákófù sì wà lọ́kàn mi, iná á pọ́n. Tí mo bá ní 'bẹ́ẹ̀ kọ́', mo ti fi ọwọ́ ara mi ti màámi wọ Yàrá Kẹrin. Mo gbìyànjú láti má ronú nǹkan kan, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bàtà Màmá Níínà ló ń wá sí mi lójú, méjèèjì tó kọjú sí ara wọn. Mo rántí ojú wọn tó dúdú fún ẹ̀ẹ́dú. Mo rántí pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí lọ́dún yẹn, mo sì yè é.

"Olórí ìlú wa ni wọ́n," ni mo wí.

Mi ò mọ̀ pé mo gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Iná àwọ̀ ewé. Ó mọ́ gaara.

Mo rò pé ó ti parí. Arikádì ti ń na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó máa gba ìbò màámi wọlé, nígbà tí Etí tún sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀rọ yẹn kì í yára, kì í sì í fà.

"Ìyá rẹ fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ju olórí ìlú Rúdákófù lọ. Ǹjẹ́ àgbà ń pe ọmọdé ní 'wọ́n'?"

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí mo kọ́ ọ tán, ó ti fẹ́ fi pa wá.

Màámi ló dá a lóhùn. Wọ́n ti gbọ́ ìbéèrè náà yékéyéké, torí pé Yorùbá ni, ó sì jọ pé inú wọn tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí ń béèrè ohun tó yẹ kó ti mọ̀ látàárọ̀.

"Ọmọdé tó bá jọba ńkọ́?" ni wọ́n ní. "Ta ló máa pe ọba ní 'ó'? Ẹni tó bá ti dé orí oyè, ì báà ṣe ọmọ àná, 'wọ́n' ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé."

Iná àwọ̀ ewé. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wọn jà lórí rẹ̀.

"Ìbò wọlé," ni Etí wí. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó wà lórí oyè, 'wọ́n' ni fún tọmọdé tàgbà."

Arikádì tẹ bọ́tìnnì. Òǹtẹ̀ dún lórí ìwé màámi. Ó parí, wọ́n ti bọ́. Ká ní wọ́n dìde nígbà yẹn ni, tí wọ́n mú àpò wọn, tí wọ́n lọ ra píróṣókì!

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyá. Ìyá tó ti rí ẹni gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kò ní ṣàìfi àpẹẹrẹ kan tì í. Màámi na ìka sí mi.

"Ẹ̀rọ nìkan kọ́ o," ni wọ́n ní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tí mo bí gan-an, mo bá a wí láàárọ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà."

Wọ́n bá mi wí lóòótọ́. Mo dúró níwájú dígí nílé kí a tó jáde, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó lè máa hó lórí ohùn mi, mò ń ṣe ìdánrawò gbólóhùn mẹ́ta tí mo fẹ́ lọ sọ: "Ó tún afárá ṣe. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa dé lásìkò. Mo fẹ́ kó wọlé." Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ kó wọlé lóòótọ́, nítorí pé mo mọ ohun tó máa fi ojú wa rí bí kò bá wọlé. Màámi wà nídìí tábìlì, wọ́n ń fi búrẹ́dì mu tíì. Wọ́n ní, "Ìyádùnní, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlá jù ọ́ lọ, lò ń pè ní 'ó' ṣáá? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" Mo ní, "Màámi, ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn." Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Àwa ńkọ́?"

Ohùn èmi fúnra mi jáde láti inú Etí, bí mo ṣe sọ ọ́ láago méje: "Ó tún afárá ṣe. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa dé lásìkò. Mo fẹ́ kó wọlé."

Àwọn ẹlẹ́rìí yòókù gbójú sókè nínú dígí wọn.

"Ẹlẹ́rìí," ni Etí wí. "O jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì. Olórí ìlú jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. O pè é ní 'ó' nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, o ní, 'Olórí ìlú wa ni wọ́n.' Òótọ́ ni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni èkejì. Ẹnì kan kọ́ ni méjèèjì. Ta ni 'wọ́n'?"

Ẹ̀rín kú lójú màámi. Mo rí i bó ṣe kú. Wọ́n wo Etí, wọ́n wò mí, wọ́n gbé ọwọ́ bo ẹnu tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Kò mọ̀ ni," ni wọ́n wí fún ẹ̀rọ náà, kíákíá. "Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ayé ìsinsìnyí ni, kò mọ̀ ọ́n sọ ni."

Ẹ wo nǹkan. Wọ́n ń pe ẹ̀rọ ní 'ẹ'.

Iná pupa. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, torí pé ìbò wọn ti wọlé, òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Àmọ́ màámi mọ àwọ̀ pupa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu dígí mi pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń pe orúkọ mi.

Ilẹ̀kùn Yàrá Kẹrin ṣí. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn àmì orin ṣì wà lára pátákó, mo rí wọn láti ibi tí mo wà. Obìnrin méjì jáde, aṣọ funfun, ojú wọn ò le rárá. Ọ̀kan gbé sálúbàtà aláwọ̀ búlúù kan dání, nítorí pé èèyàn kì í wọ bàtà wọ ibi ìtọ́jú. Ó ṣí àpótí dígí mi, ó rọra fi í síwájú mi, ó ní kí n má bẹ̀rù. Mo bọ́ bàtà òjò dídì mi sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ mi ló fúnra rẹ̀ tò ó, méjèèjì kọjú sí ara wọn.

Arikádì ń wo ilẹ̀.

Mo ń ka ọ̀rọ̀ sínú ara mi, bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ tó ń wá ohun tó máa gbé sá jáde. Omi. Iyọ̀. Màámi. Ẹ káàárọ̀. Ṣẹ́gilọlá. Wọ́n. Èwo ni mo lè fi pa mọ́, níbo ni mo lè fi í sí tí wọn ò ní rí i?

"Ìyádùnní!" Ohùn màámi ti há. "Ìyádùnní, níbo lò ń lọ?"

Ọmọ Yorùbá kì í dáhùn ìbéèrè yẹn bí Etí ṣe fẹ́ kí èèyàn dáhùn rẹ̀. A kì í sọ fún ẹni tí a nífẹ̀ẹ́ pé a ń lọ. Mo yíjú padà.

"Màámi," mo ní, "mo ń bọ̀."

Iná pupa tàn lókè orí mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Màámi rí i. Wọ́n wo iná náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú wọn, wọ́n padà sórí àga kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ, wọ́n jókòó, wọ́n gbé àpò wọn lé itan.

"Ó dáa," ni wọ́n ní. "Ibí ni màá ti dúró dè ọ́."

Iná náà sì di àwọ̀ ewé.